Bátìrì Olówó Pọ́ọ́kú ní Kòsọ́fẹ́: Ìtàn Iṣẹ́ Àwọn Oníbátìrì àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Bátìrì Tó Ti Kú

Lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú ní Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó, láti Ọjọ́tà títí dé Mile 12 àti Òwòdè Onírin, ó ṣòro kí ènìyàn rìn jìnnà kí ó má rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n to bátìrì mọ́tò sí iwájú rẹ̀ lórí pákó tàbí lórí táyà àlòkù, tí wáyà so ọ̀kan mọ́ èkejì, tí wọ́n sì ti yọ ìdérí wọn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú wọn lè ráyè jáde. Iṣẹ́ ṣíṣáàjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí tí í ṣe dídá iná padà sínú bátìrì tí agbára rẹ̀ ti wálẹ̀, oníbátìrì sì ni orúkọ tí aráàlú ń pe àwọn tó ń ṣe é. Àwọn òǹkọ̀wé ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí dánfó, lórí mólùè àti lórí ìwà àwọn awakọ̀ Èkó, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí oníbátìrì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè kan tí ń ná àwọn ọlọ́kọ̀ lówó gidi, ìyẹn ni bí bátìrì olówó pọ́ọ́kú ṣe ń pẹ́ tó àti ìgbà tí ó yẹ kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí a bá tọ ìtàn iṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀ wá, a ó rí i pé ẹ̀bi tí àwọn ènìyàn ń dà lé owó kékeré tí wọ́n fi ra bátìrì ti pọ̀ jù. Ooru, ṣáàjì tí kò kún, àti iye oṣù tí bátìrì ti lò lórí àtẹ kí ó tó dé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń pa á jù lọ, ìmọ̀ nípa gbogbo èyí sì ti wà lọ́wọ́ àwọn oníbátìrì láti ìgbà tí ojú ṣì lè rí inú bátìrì.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ síwájú, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí bátìrì mọ́tò jẹ́ gan-an. Ní ọdún 1859 ni ará Faransé kan tí ó ń jẹ́ Gaston Planté ri òjé pẹlẹbẹ méjì sínú ásíìdì tí a fi omi là, tí ó sì rí i pé òjé náà ń gba iná sára, ó sì ń dá a padà nígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1881 ni ará Faransé mìíràn, Camille Faure, wá rí i pé bí a bá po ẹ̀bu òjé títí yóò fi ki, tí a sì fi rẹ́ ara òjé pẹlẹbẹ náà, iná tí yóò lè gbà yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Òjé pẹlẹbẹ tí a rẹ́ báyìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pléètì, ọ̀nà tí Faure là náà ni wọ́n sì ṣì ń tọ̀ nínú bátìrì tí wọ́n ń tà ní Òwòdè Onírin lónìí. Inú bátìrì pín sí yàrá mẹ́fà tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bíi volt 2.1 wá, volt jẹ́ òṣùwọ̀n ipá tí ń ti iná gba inú wáyà kọjá. Ìdí nìyí tí bátìrì tí a ń pè ní ti volt 12 fi máa ń fi 12.6 tàbí díẹ̀ lé sí i hàn nígbà tí ó bá kún tí ó sì ti sinmi. Nígbà tí iná bá ń jáde, ásíìdì ń wọ ara pléètì, ó sì ń sọ ojú rẹ̀ di iyọ̀ òjé. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, iyọ̀ náà ń túká, ásíìdì sì ń padà sínú omi. Bí iyọ̀ yìí bá pẹ́ lára pléètì kí á tó ṣáàjì rẹ̀, ó ń gan, ó ń le koránkorán títí kò fi ní túká mọ́, ibẹ̀ sì ni ikú ọ̀pọ̀ bátìrì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kò gbára lé bátìrì kí ẹ́ńjìnì wọn tó ta jí. Irin títẹ̀ kan ni wọ́n ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnì, tí awakọ̀ tàbí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò sì fi gbogbo agbára yí i títí ẹ́ńjìnì yóò fi dáhùn. Charles Kettering ní Amẹ́ríkà ló ṣe sítátà, ẹ̀rọ tí ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnì, iléeṣẹ́ Cadillac sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ọkọ̀ wọn ní ọdún 1912. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí a mọ̀ sí bọ́lẹ̀kájà ṣì ń gbé irin yẹn kiri, nítorí náà bátìrì tó kú kò tíì lè dá wọn dúró. Ìgbà tí irin náà pòórá lára àwọn ọkọ̀ tuntun ni bátìrì tó kú di ọkọ̀ tó kú, tí awakọ̀ fi níláti wá àwọn tí yóò bá a ti ọkọ̀ tàbí ẹni tí yóò bá a ṣáàjì bátìrì rẹ̀. Inú àìní yìí ni iṣẹ́ oníbátìrì ti jáde, ó sì yà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ti rìwáyà, ẹni tí ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́.

Kòsọ́fẹ́ bọ́ sí ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè gbilẹ̀. Abúlé àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdúgbò rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, Àgbóyì tó wà láàárín omi sì ń jẹ́rìí sí i títí dòní. Ọ̀nà ọkọ̀ ló yí wọn padà. Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹnu rẹ̀ níhà Èkó kò jìnnà sí Ọjọ́tà àti Kétu. Ní ọdún 1980 ni gómìnà Lateef Jakande dá ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1990 ni afárá kẹta, tí ó gba orí ọ̀sà wá láti Èkó, parí sí Òwòrońṣòkí tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka àwọn ènìyàn ní ọdún 2006, wọ́n ka 665,393 sí Kòsọ́fẹ́. Ọjà Mile 12, níbi tí tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ti ń wọ Èkó láti Òkè Ọya, ń mú ọkọ̀ ńláńlá wá lọ́sàn-án lóru, ọjà èso sì wà ní Kétu àti Ìkòsí. Nígbà tí ọjà Òwòdè Onírin náà fìdí múlẹ̀ fún títa ẹ̀yà ara ọkọ̀, pàápàá ti ọkọ̀ ńlá, gbogbo ohun tí oníbátìrì nílò ti pé sí àyíká kan: ọkọ̀ tí yóò nílò rẹ̀, ọjà tí yóò ti ra ẹrù, àti awakọ̀ tí kò ní àyè láti dúró pẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wá láti Kano kì í lo bátìrì kan, méjì ni wọ́n so pọ̀ láti mú volt 24 wá, bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sì ti rẹ̀, ó ń fa èkejì lulẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníbátìrì Mile 12 fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí awakọ̀ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ń kọ̀ nítorí owó, tí wọ́n sì ń padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tuntun tí òkú ti bà jẹ́.

Àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ náà gbòòrò gan-an, ìdí rẹ̀ sì yẹ ní yíyẹ̀wò fínnífínní. Owó epo rọ̀bì ti wọlé, ìjọba ti san owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, fún àwọn òṣìṣẹ́, iléeṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975, ti Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna lọ́dún kan náà. Ọkọ̀ pọ̀ ju ọ̀nà lọ débi pé ní ọdún 1977 ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba máa jáde lọ́jọ́ kan, kí àwọn yòókù máa jáde lọ́jọ́ kejì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí kò fi àkókò nìkan ṣòfò, ó ń pa bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìgbà náà ṣì ń lo dáínámò, ẹ̀rọ tí ń ti ara ẹ́ńjìnì mú iná wá láti dá èyí tí sítátà lò padà sínú bátìrì, dáínámò kì í sì í mú nǹkan gidi wá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ tó dúró lójú kan ní Ọjọ́tà ní alẹ́, tí iná iwájú rẹ̀ ń tàn, tí rédíò rẹ̀ ń kọ, ń ná ju ohun tí ń wọlé fún un lọ, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ alternator tó rọ́pò dáínámò lẹ́yìn náà sàn jù ú lọ, ó sì máa ń fún bátìrì ní nǹkan bíi volt 13.8 sí 14.4, ṣùgbọ́n òun náà kì í lè tán an nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn ní ìgbésẹ̀ mélòó kan tí ó sì ń dúró.

Ibi tí wọ́n fi bátìrì sí nínú ọkọ̀ tún dá kún un. Nínú Volkswagen ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, níbi tí ojú kò tó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò rántí pé ó ń mu omi títí omi fi gbẹ kúrò lórí pléètì. Nínú bọ́ọ̀sì Volkswagen tí àwọn ará Èkó sọ di dánfó, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì gan-an ló jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀, ooru ẹ́ńjìnì sì ń bá a fínra láti ìdájí títí di alẹ́. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ooru yìí, nítorí pé òun ni olórí ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ń jẹ òjé inú bátìrì máa ń yára bí ooru bá ṣe ń pọ̀, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sì sábà ń lò ni pé bí ooru bá fi nǹkan bíi digírì 10 Celsius ga ju bó ṣe yẹ lọ títí ọjọ́, ẹ̀mí bátìrì yóò dín kù sí ìdajì. Ooru ọ̀sán Èkó kì í sábà wálẹ̀ ju digírì 28 lọ, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì gbóná ju ìta lọ dáadáa. Nítorí ooru yìí náà ni wọ́n ṣe máa ń la ásíìdì bátìrì sí i fún ilẹ̀ olóoru: dípò kí ó wúwo tó 1.265 tàbí 1.280 ní ìfiwéra pẹ̀lú omi lásán, bí ó ti rí ní ilẹ̀ olótùútù, 1.240 tàbí kí ó kéré sí i díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, kí ó má baà tètè jẹ pléètì.

Bátìrì tí àwọn oníbátìrì Kétu àti Àlápẹ̀rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lé lórí nígbà náà yàtọ̀ sí ti òde òní. Rọ́bà líle dúdú ni àpótí rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi di orí rẹ̀, irin òjé tó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì sì hàn síta. Nítorí pé a lè ṣí i, a lè tún un ṣe. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kú, oníbátìrì á ti ọ̀bẹ bọ iná, á fi gé ọ̀dà náà yíká, á gé irin ìsopọ̀ rẹ̀, á sì fi ẹ̀mú fa ìdìpọ̀ pléètì inú yàrá yẹn jáde pẹ̀lú omi dúdú tó ń kán. Á gbọn ìdọ̀tí tó ti sílẹ̀ nísàlẹ̀ dànù, á ti ìdìpọ̀ pléètì tí ó yọ lára bátìrì mìíràn bọ ibẹ̀, á yọ́ òjé láti fi so ó padà, á sì da ọ̀dà yíyọ́ lé e lórí. Iṣẹ́ olóye ni, iṣẹ́ eléwu sì ni pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ohun tí oníṣẹ́ fi bo imú, òjé yíyọ́ náà sì ń rú èéfín sí i lójú. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ojú oníbátìrì ti rí inú ọgọ́rọ̀ọ̀rún bátìrì, ó mọ bí pléètì tí ooru jẹ ṣe ń rún, ó mọ bí èyí tí iyọ̀ gan mọ́ ṣe ń funfun, ó sì mọ èyí tí kò sí ohun tó ṣe é ju pé omi rẹ̀ gbẹ lọ.

Ṣíṣáàjì fúnra rẹ̀ gba sùúrù. Oníbátìrì á kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó hù sí orí bátìrì, ìyẹn orí méjèèjì tí a ń de wáyà mọ́. Á ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á sì bu omi sí èyí tó bá gbẹ títí omi yóò fi bo pléètì. Omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, tí kò ní iyọ̀ tàbí ìdọ̀tí kankan nínú, ni ó yẹ kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bu omi ẹ̀rọ, àwọn mìíràn sì ń bu ásíìdì tuntun, èyí tí ó burú jù, nítorí pé ásíìdì kì í gbẹ, omi nìkan ló ń gbẹ, àfikún ásíìdì á sì máa jẹ pléètì tó kù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á so bátìrì mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìtẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé mọ́ ẹ̀rọ ṣájà, wọ́n á sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí iná díẹ̀díẹ̀ lè wọ̀ wọ́n lára, tí ọlọ́kọ̀ á sì gba bátìrì àyálò lọ láti fi ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá ń hó bákan náà ni bátìrì kún. Èyí tí kò hó, tàbí tí ó yára hó ju àwọn yòókù lọ tí omi rẹ̀ sì gbóná, ni ó ń tú àṣírí ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde nígbà tí ó bá ń hó lè gbiná, ìdí nìyí tí àṣà fífi sípánà kan orí méjèèjì láti wo bí iná yóò ṣe ta, tí àwọn kan ń pè ní àyẹ̀wò, fi jẹ́ ìwà tí kò yẹ kí oníbátìrì gidi máa hù. Ó ń ba bátìrì jẹ́, bátìrì náà sì lè fọ́ mọ́ ènìyàn lójú.

Iná mànàmáná ni iṣẹ́ yìí gbójú lé. Ní ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba, sílẹ̀, bí iná rẹ̀ sì ṣe máa ń ṣe ségesège nígbà náà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ oníbátìrì ń ṣe, nítorí pé bátìrì tí iná já lára rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì kò tíì kún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín ti ń dúró dè é. Láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ti gbòde, owó epo ti wọ inú owó ṣáàjì. Àìsí iná kan náà ló tún mú bátìrì mọ́tò wọ inú ilé: wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ń gbọ́ rédíò, wọ́n fi ń gbé ohùn jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi ìwàásù àti níbi ayẹyẹ. Bátìrì mọ́tò kò dára fún irú ìlò bẹ́ẹ̀, nítorí pé pléètì rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì pọ̀ níye, kí ó lè fi iná rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí sítátà nílò rẹ̀. Bí a bá fà á gbẹ pátápátá ní ìgbà mélòó kan, kò ní bọ̀ sípò mọ́.

Ètò ìtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986 yí ọjà padà. Náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè rà mọ́, ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, sì gba ìgboro, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba Kutonu wọlé. Bátìrì náà ní tọ́kùnbọ̀ tirẹ̀, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ní òkè òkun, tí ó ti lo ọdún mélòó kan kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn oníṣòwò Igbo ní Nnewi, tí Cletus Ibeto jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bátìrì nílé dípò kí wọ́n máa kó o wọlé, ìyẹn sì fún ọjà Èkó ní bátìrì tuntun tí apá mẹkúnnù lè ká. Láàárín àkókò yìí kan náà ni àpótí rọ́bà líle kúrò nílẹ̀ pátápátá, tí ike tí wọ́n fi iná lẹ̀ pa rọ́pò rẹ̀, tí bátìrì tí kò ní ìdérí rárá sì dé lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní bátìrì gbígbẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ásíìdì wà nínú rẹ̀ bíi ti tàtijọ́. Ó rọ ọlọ́kọ̀ lọ́rùn, nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, ṣùgbọ́n ó gba ojú lọ́wọ́ oníbátìrì. Kò lè wo àwọ̀ omi mọ́, kò lè mọ sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣàìsàn, kò sì lè tún ohunkóhun ṣe nínú rẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ ti dín kù yìí ni ẹ̀tàn ti rí àyè wọlé: àwọn kan ń fọ bátìrì àlòkù, wọ́n ń fi kẹ́míkà dán ara rẹ̀, wọ́n ń lẹ orúkọ tuntun mọ́ ọn, wọ́n sì ń tà á fún ẹni tí kò ní ohun mìíràn láti fi dá a mọ̀ ju owó tí wọ́n pè lọ.

Báwo wá ni bátìrì olówó pọ́ọ́kú ṣe ń pẹ́ tó? Ní ilẹ̀ olótùútù bíi Gẹ̀ẹ́sì, bátìrì mọ́tò sábà ń lo ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn mìíràn sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, èyí tó dára pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní Kòsọ́fẹ́, èyí tí kò wọ́n lè lo ọdún kan sí méjì nínú ọkọ̀ ilé tí a ń tọ́jú, kí ó sì má tó bẹ́ẹ̀ nínú dánfó tí ń paná tí ń taná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tọ́kùnbọ̀ kò ní òǹkà kankan tí a lè gbára lé, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ iye ọjọ́ tó ti lò. Ohun tó ya bátìrì olówó kékeré sọ́tọ̀ ni òjé inú rẹ̀. Òjé kó ju ìdajì ìwúwo bátìrì lọ, èyí tó sì wà fún ọkọ̀ ilé lásán máa ń wọ̀n tó kílò 15 tàbí súnmọ́ ọn, nítorí náà àṣà àwọn àgbà oníbátìrì tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé bátìrì méjì tó tóbi bákan náà wò kí wọ́n tó rà jẹ́ àṣà tó bọ́gbọ́n mu: èyí tó fúyẹ́ ní pléètì díẹ̀ tàbí pléètì tín-ín-rín. Síbẹ̀, bátìrì olówó iyebíye tó ti lo ọdún kan lórí àtẹ nínú oòrùn Òwòdè kò sàn ju èyí tí kò wọ́n tí wọ́n ṣe ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé bátìrì tí a kò lò ń tú iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ooru ń mú un yára, iyọ̀ sì ti ń gan mọ́ pléètì kí ẹnikẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Déètì tí wọ́n ṣe é máa ń wà lára rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà dípò orúkọ oṣù, ó sì yẹ kí olùrà béèrè rẹ̀ kí ó tó béèrè iye owó.

Lórí ìgbà tí ó yẹ láti pààrọ̀ rẹ̀, ìlànà àwọn oníbátìrì bá ti ìwé àwọn onímọ̀ mu ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Sítátà tí ohùn rẹ̀ ń fà ní òwúrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó tó fúnra rẹ̀, nítorí pé orí bátìrì tó dọ̀tí tàbí alternator tó ti rẹ̀ lè fa irú rẹ̀, àìmọye bátìrì tó ṣì lera ni wọ́n sì ti sọnù nítorí èyí. Ohun tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ ṣáàjì rẹ̀ kún, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a sì wọ̀n ọ́n: bí ó bá ti wálẹ̀ sí volt 12.4 tàbí kí ó kéré sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, ó ń tú iná sílẹ̀ nínú. Fún bátìrì tó ní ìdérí, oníbátìrì ní irinṣẹ́ kan tó jẹ́ ọ̀pá gíláàsì pẹ̀lú rọ́bà fífún lórí, tí ó fi ń fa omi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti wo bí léefòó kékeré inú rẹ̀ ṣe ga tó. Bí sẹ́ẹ̀lì márùn-ún bá fi 1.240 hàn tí ìkẹfà sì wà ní 1.180 lẹ́yìn ṣáàjì odindi òru, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i mọ́. Omi tó ti dúdú tàbí tó pọ́n bí ilẹ̀ ń sọ pé pléètì ti ń rún. Fún bátìrì gbígbẹ, ẹ̀rọ ìdánwò tí ń fi ẹrù lé bátìrì lórí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló kù: bí iná rẹ̀ bá wálẹ̀ ju volt 9.6 lọ láàárín àkókò náà, ó ti parí. Àpótí tó wú, tàbí òórùn ẹyin tó bàjẹ́, kò nílò ìdánwò kankan, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni.

Bátìrì tó kú kì í ṣe ohun ìdànù, nítorí owó wà nínú òjé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ti ọmọlanke kiri Ìkòsí àti Kétu ń kígbe pé àwọn ń ra bátìrì kọ́ńdẹ́mù, olùtajà náà sì máa ń yọ owó òkú bátìrì kúrò nínú owó tuntun. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ dẹwọ́ lórí iye owó náírà sí dọ́là, tí gbogbo ohun tí a ń kó wọlé sì gbówó lórí, òkú bátìrì pàápàá ti di ohun tí olè ń jí. Ibi tí òjé náà ń lọ ló yẹ kí ó kan gbogbo ará Kòsọ́fẹ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 nítorí eruku òjé tó ti ara bátìrì àlòkù wọ ilẹ̀ àdúgbò wọn. Ní Ògíjo, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, àwọn iléeṣẹ́ tí ń yọ́ òjé bátìrì wà láàárín ilé àwọn ènìyàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2025 sì fi hàn pé òjé ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọdé àti àgbà. Òjé kì í kúrò nínú ara bọ̀rọ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bá jà jù.

Kòsọ́fẹ́ náà kò bọ́ nínú ewu yìí, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1983, odò Ògùn máa ń kún wọ àwọn àdúgbò tó yí Mile 12 àti Àgbóyì ká, bí ó ti ṣe ní ọdún 2010 tí omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nílé wọn. Ásíìdì tí àwọn olùra bátìrì kọ́ńdẹ́mù ń dà sínú gọ́tà kí ẹrù wọn lè fúyẹ́ ń gbé òjé dání, ibi tí omi yìí ń gbé e lọ ni ilé àti oko ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lórí àkóso bátìrì ní ọdún 2024 kò fàyè gba irú ìdànù bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbátìrì ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ bá jókòó lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni òkú bátìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀, wọ́n mọ àwọn tí ń rà á, wọ́n sì ti ń gbé e pẹ̀lú ásíìdì inú rẹ̀ láìdà á nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, níwọ̀n ìgbà tí olùrà bá ṣetán láti san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.